Àlọ àti Àbọ̀ ní Àgbádárìgì

Ẹni tó bá ń wá odi òkúta gàgàrà kò ní rí i ní Àgbádárìgì. Irú odi bẹ́ẹ̀ wà ní Gánà: ti Elmina tí àwọn Potogí kọ́ ní 1482, àti ti Cape Coast tí kò jìnnà sí i. Ó wà ní Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí ilé olódi tí àwọn Potogí kọ́ ní 1721 ti di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní Scotland lọ́hùn-ún, bọ́ọ̀sì kékeré a máa kó àlejò díẹ̀ kúrò ní Edinburgh láàárọ̀, a gbé wọn yí ká àwọn ilé olódi tí ọba àti ìjòyè ìgbàanì fi sílẹ̀ sí ìgbèríko, a sì dá wọn padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Iṣẹ́ tí èmi náà ń ṣe nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́, àfi pé ibi tí mò ń mú èèyàn lọ kì í ṣe ilé olódi. Agbo ilé ni. Àwọn tó ni ín ṣì ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n ń dáná, wọ́n ń sá aṣọ, àwọn ọmọ wọn sì ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí wọ́n ń ti ẹrú mọ́ láyé àtijọ́.

Ìdí nìyí tí mi ò fi í kó ju èèyàn mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ̀ pé owó wà nínú bọ́ọ̀sì elérò àádọ́ta. Mo sì mọ̀ pé àwọn ilé ìwé tó ń kó ọmọ wá lọ́pọ̀ yanturu ń ṣe iṣẹ́ rere, torí ọmọ tó bá fojú ara rẹ̀ rí i kò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n mo ti dúró nínú agbo ilé yẹn lọ́jọ́ tí èrò pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́ ohun tí amọ̀nà ń sọ, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò ara wọn. Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ rọra dìde, ó wọlé, ó fa aṣọ ẹnu ọ̀nà bò. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí àlejò mi sá pamọ́ nínú ilé bàbá rẹ̀. Bí a bá jẹ́ mẹ́wàá, a ráyè kí gbogbo ará ilé, a ráyè dúró kí wọ́n dá wa lóhùn. Kí a tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni mo ti máa ń kọ́ àwọn àlejò ní ìkíni kan ní Ègùn, èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, “A fọ́n ganji à?”, pé ṣé ẹ jí dáadáa. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ṣì í pè, ẹ̀rín tí àwọn ìyá fi ń dá wọn lóhùn ti ṣílẹ̀kùn ilé kó tó di pé a sọ̀rọ̀ owó.

Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà kò yẹ kó gùn. Ẹni tó bá ti ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì rí mọ bó ṣe rí. Láti 2009 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti dáwọ́ lé e láti sọ ọ́ di ọ̀nà ńlá alápá mẹ́wàá. Ibì kan ti ń dán, ibòmíràn ṣì ń dá ọkọ̀ dúró. Rélùwéè aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2023 kò kọjá Mile 2. Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ la máa ń gbéra, ká lè ti kọjá Òkókómáíkò kí ọjà tó kún. Àwọn agbófinró pọ̀ lójú ọ̀nà nítorí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Kí kálukú mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ dání, ká sì fi sùúrù dáhùn.

Ọ̀pọ̀ amọ̀nà ló ń kọ́kọ́ mú àlejò lọ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ní òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, torí ó gbayì, ó sì ń mú orí ẹni wú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọn á wá kan ọ̀rọ̀ ẹrú. Èmi kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọjà ẹrú ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, ó di yàrá tí wọ́n ń kó wọn sí, ó di ọ̀sà, ó di òkun. Ìgbà tí a bá padà sí èbúté ni mo tó ń mú wọn lọ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, ilé àwọn míṣọ́nnárì. Mo ní ìdí tí mo fi tò ó bẹ́ẹ̀, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ọjà Vlekete ni wọ́n ń pe ọjà ẹrú náà, orúkọ òrìṣà òkun tí ojúbọ rẹ̀ wà níbẹ̀. 1502 ni ìlú sọ pé wọ́n dá a sílẹ̀, bí mo sì ṣe ń sọ ọ́ fún àlejò nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń sọ ohun tí àwọn òpìtàn tó yẹ ìwé àwọn oníṣòwò òyìnbó wò sọ, pé nínú àwọn ọdún 1700 ni òwò náà tó gbilẹ̀ níbí. Agaja ọba Dàhòmì ṣẹ́gun Allada ní 1724, ó ṣẹ́gun Ouidah ní 1727. Àwọn tí ogun lé gba ojú ọ̀sà sá wá sí ìhà ìlà-oòrùn, òwò sì tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1730, àwọn oníṣòwò òyìnbó ti ń wá ra ẹrú ní Àgbádárìgì. Dàhòmì yìí kan náà ló tún wá fọ́ ìlú náà ní 1784. Àwọn àlejò kan kì í fẹ́ gbọ́ ọdún méjì fún ohun kan ṣoṣo. Wọ́n á ní kí n mú èyí tó jẹ́ òótọ́. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé ìdílé ń pa ìtàn mọ́ nítorí orúkọ, oníṣòwò ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí owó, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ á gbọ́ ti àwọn méjèèjì kó tó dájọ́. Amọ̀nà tó bá gbé ọ̀kan pamọ́ ti gba nǹkan lọ́wọ́ àlejò rẹ̀.

Láti ibẹ̀ ó di agbo ilé Sẹ́ríkì Fárẹ̀mí Williams Abass. Yàrá ogójì ni wọ́n ní ó wà níbẹ̀ nígbà tó pé, wọ́n sì ní ogójì ẹrú ni wọ́n ń kó sínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀ ló ṣì wà bó ṣe wà, àwọn yòókù ti di ilé gbígbé. Ibí ni èèyàn mẹ́wàá ti wúlò jù lọ. Mo máa ń ní kí gbogbo wọn wọlé pọ̀. Ilẹ̀kùn náà kò fẹ̀, ńṣe là ń wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fèrèsé rẹ̀ kéré, ó wà lókè, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ wọlé kò tó láti fi ka ìwé. Bí ẹni kẹwàá bá fi máa wọlé, èjìká ti ń kan èjìká, ẹni tó wà láàárín kò lè na apá. N kì í sọ̀rọ̀. Kò ní pẹ́ tí ooru á fi bẹ̀rẹ̀, tí òógùn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, tí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá á fi máa wo ojú ọ̀nà. Nígbà náà ni ẹnì kan á sọ ọ́ fúnra rẹ̀, lóhùn jẹ́jẹ́: “Ogójì?” Gbogbo ìwé tí mo ti kà lórí òwò ẹrú, kò sí èyí tó yé àwọn àlejò mi tó bí ìwọ̀nba àkókò yẹn ṣe ń yé wọn.

Wọ́n á fi oríṣiríṣi nǹkan hàn yín nínú ilé náà, wọ́n á sì sọ pé agboòrùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi gba ogójì ẹrú. Ẹ tẹ́tí sí i. Ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ìtàn ẹni tó ni ilé ni mo máa ń dúró lé lórí jù. Joga-Orílé ní ilẹ̀ Yewa ni wọ́n ti bí i. Wọ́n mú un lẹ́rú ní kékeré, wọ́n tà á, oníṣòwò ará Brazil kan tó ń jẹ́ Williams sì gbé e kọjá òkun. Ó gbọ́ èdè àwọn òyìnbó. Nígbà tó padà wá, ojú oníṣòwò ló fi padà, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ra èèyàn, ó ń tà wọ́n. Ó lówó, ó láya, ó bímọ rẹpẹtẹ, ó di Sẹ́ríkì Mùsùlùmí, ó joyè baálẹ̀. Ó kú ní 1919, sàréè rẹ̀ sì wà nínú agbo ilé náà. Ìdílé sọ pé nínú àwọn ọdún 1840 ló ti wà nídìí òwò níbí. Mo máa ń jẹ́ kí àwọn àlejò ṣírò rẹ̀ fúnra wọn: ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1840, ọdún kan ló kù kó pé ọgọ́rùn-ún ní 1919. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ìran méjì ló ti wọnú ara wọn lẹ́nu àwọn tó ń sọ ìtàn náà fún ọmọ wọn.

Ìbéèrè kan kì í yẹ̀ níbẹ̀. Ó lè ti ẹnu ọmọ ilé ìwé wá, ó lè ti ẹnu àgbà wá: báwo ni ẹni tí wọ́n tà ṣe lè máa ta ẹlòmíràn? Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà nítòsí, wọ́n ń gbọ́ wa. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo rí àwọn amọ̀nà tó máa ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí wọ́n bá dé orí ìbéèrè yẹn, àwọn mìíràn á sì dúró di ìgbà tí wọ́n bá jáde tán kí wọ́n tó bú olóògbé. Mi ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ohùn tí mo fi ń sọ yòókù ni mo fi ń sọ èyí. Mo ń sọ pé ó ti rí òwò náà láti abẹ́, ó mọ̀ pé nínú rẹ̀ ẹni tí kò bá rà, wọ́n á rà á, ó sì yan apá kan. Yíyàn rẹ̀ kò sọ ọ́ di ohun rere fún àwọn tó wà nínú yàrá wọ̀nyí. Àwọn ará ilé fúnra wọn kì í fi bò. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ibẹ̀ ti wí létí mi pé, “Bàbá wa ló ṣe é. Àwa la ń sọ ọ́.” Mo bọ̀wọ̀ fún ìdílé tó lè ṣí ilẹ̀kùn ilé wọn sílẹ̀ lójoojúmọ́ kí àlejò wá béèrè irú ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn ìlú mélòó lókè ọ̀hún, tí baba wọn náà jẹ nínú òwò yìí, ló ní ilé kan tí a ti lè béèrè?

Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìdílé Mobee kò jìnnà sí ibẹ̀. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló wà níbẹ̀: ti ọrùn, ti ọwọ́, ti ẹsẹ̀, ti ọmọdé. Ìdílé á gbé e fún ẹni tó bá fẹ́ kó mọ bó ṣe wúwo tó. Ẹ gbà á, ẹ fọwọ́ wọ̀n ọ́n, ẹ dá a padà. Mo máa ń bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n má fi ti ọmọdé sí ọmọ wọn lọ́wọ́ nítorí fọ́tò, àwọn kan sì máa ń rò pé mo le jù. Bóyá mo le. Mi ò ní yí i padà.

Kí oòrùn tó ga la máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà. Gbogbo èèyàn ló ń wọ life jacket, àgbà òun ọmọdé, bí awakọ̀ bá tiẹ̀ ń búra pé omi pa rọ́rọ́. Ìsọdá náà kò pẹ́ rárá. Òdì kejì ni Gbèrèfù, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, ilẹ̀ àgbọn àti ilẹ̀ àwọn apẹja. Ọ̀kadà wà tó lè gbé èèyàn dé etí òkun, mo sì máa ń pe ọ̀kadà fún àwọn àgbà àti ẹni tí orúnkún ń dùn. Ẹni tó bá lè rìn, kó rìn. Iyanrìn ibẹ̀ jìn, ńṣe ló ń gba ẹsẹ̀ mì. Ẹni tó wọ bàtà tó dára á bọ́ ọ kò ní pẹ́, ìgbà tí iyanrìn bá sì gbóná, á tún wọ̀ ọ́. Omi wà lọ́wọ́ wa, fìlà wà lórí wa, kò sí ẹni tó so wá mọ́ra, síbẹ̀ a máa ń dákẹ́ kí a tó dé ìdajì ọ̀nà.

Ní ojú ọ̀nà yẹn ni kànga kan wà. Àwọn àgbà sọ pé wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ibi tí wọ́n ti wá. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń sọ ọ́, mi ò bù sí i. Ohun tó dá mi lójú ni pé àwọn tí wọ́n kó lọ kò gbàgbé. Bí omi bá lè mú èèyàn gbàgbé, Bahia ì bá má mọ Ṣàngó àti Yemọja, Cuba ì bá má mọ Ọ̀ṣun. Àwọn Ègùn àti àwọn aládùúgbò wọn náà gbé vodun wọn dé Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pe ẹ̀ka tiwọn ní Jeje títí dòní. Àlejò kan tó wá láti Salvador bẹ̀rẹ̀ síbi kànga yẹn, ó bu omi, ó fi rẹ orí, ó ń ki Ọ̀ṣun lọ ní Yorùbá tó ju tàwọn ọmọ Èkó tó bá a wá lọ. A kò sọ nǹkan kan.

Òpó méjì ló dúró sí etí òkun, níbi tí pátákó pè ní Point of No Return. Níbẹ̀, kálukú ń ṣe bó ṣe mọ̀. Àwọn tí baba ńlá wọn gba ibẹ̀ tàbí irú ibẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà lè jókòó sórí iyanrìn fún ìgbà pípẹ́, n kì í bá wọn sọ̀rọ̀ àfi tí wọ́n bá pè mí. Àwọn ọ̀dọ́ Èkó lè sáré wọnú ìgbì. Inú kì í bí mi sí wọn. Òkun náà dára, ilẹ̀ wọn sì ni.

Ibẹ̀ ni ìrìn ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń parí. Wọ́n á ya fọ́tò lábẹ́ òpó, wọ́n á wọ ọkọ̀, ó di Èkó. Ohun tó dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, torí ìdajì ìtàn ni wọ́n gbé lọ. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ ìdajì kejì, bí a ṣe ń kọrí padà sí ọ̀sà: mo ń sọ fún wọn pé àwọn kan padà wá, Àgbádárìgì yìí ni wọ́n sì gbà wọlé.

Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn kan sílẹ̀ lójú òkun lẹ́yìn òfin 1807, wọ́n kó wọn sọ̀ sí Freetown. Wọ́n kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n kàwé, wọ́n ṣòwò, wọ́n dá owó jọ. Ní 1839 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé. Àwọn tó lówó nínú wọn ra ọkọ̀ ojú omi, òmíràn nínú àwọn ọkọ̀ náà sì jẹ́ ọkọ̀ ẹrú tí ìjọba gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó sì tà ní gbàǹjo. Ẹ rò ó wò: ọkọ̀ tó ti kó èèyàn lọ rí ló ń kó èèyàn bọ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ̀ sí Èkó, wọ́n jà wọ́n lólè níbẹ̀. Ló bá di pé Àgbádárìgì ni àwọn tó ń ti Freetown bọ̀ yìí, tí wọ́n ń pè ní Sàró, ń sọ̀ sí kí wọ́n tó gòkè lọ sí Abẹ́òkúta. Ọ̀kan nínú wọn, James Ferguson, fìdí kalẹ̀ sí Àgbádárìgì, òun ló sì kọ̀wé padà sí Freetown ní 1841 pé kí wọ́n rán àwọn míṣọ́nnárì wá.

Ìwé yẹn ló ṣíwájú gbogbo ohun tí ilé ìwé kọ́ wa. Thomas Birch Freeman dé ní 24 September 1842. Ọmọ bàbá adúláwọ̀ àti ìyá òyìnbó ni, William de Graft tó jẹ́ ọmọ Gold Coast ló sì bá a wá. Henry Townsend dé ní December ọdún kan náà, wọ́n sì jọ ṣe Kérésìmesì ní Àgbádárìgì. Abẹ́ igi Àgíà ni wọ́n ti wàásù. Igi náà wó ní 1959, ohun ìrántí tí wọ́n gbé síbẹ̀ la ń lọ wò. Mo máa ń dúró níbẹ̀ kí n tún orúkọ Ferguson pè, torí ẹni tó ti lọ tó sì padà ló ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọn kò ṣàdédé wá.

Ó kàn mí láti sọ̀rọ̀ lórí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìlú sọ pé 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, wọ́n parí rẹ̀ ní 1845. Ó kọjú sí ọ̀sà ní òpópónà Marina. Pákó àjà rẹ̀ máa ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀, àtẹ̀gùn rẹ̀ kò sì gba èrò púpọ̀, ẹ̀rí mìíràn nìyẹn fún ẹni tó ń bá mi jiyàn lórí mẹ́wàá. Àjàyí Crowther, Townsend àti Gollmer, míṣọ́nnárì gbogbo wọn, dé Àgbádárìgì ní January 1845. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ olórí àwọn Ẹ̀gbá kú, ọ̀nà dí, wọ́n sì wà ní Àgbádárìgì fún nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀. Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé Àgbádárìgì ni wọ́n ti ta Crowther. Rárá o. Èkó ni ọkọ̀ Potogí ti gbé e ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀. Wọ́n tún máa ń sọ pé inú ilé yìí ló ti túmọ̀ Bíbélì tán. Ó ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ nígbà tó wà níbí, ṣùgbọ́n àwọn ọdún 1880 ni odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde. Èyí tí mo fẹ́ kí wọ́n mú lọ ni pé láti ìlú yìí ló ti gbéra lọ sí Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ló sì ti pàdé ìyá rẹ̀ ní August 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ogun ti yà wọ́n ní Òṣogùn.

Ìdí tí mo fi ń fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí ìkẹyìn ló dé yìí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé ìgbà ẹrú ló kọ́kọ́ wà, ó parí, ni ìgbà ìwé bá dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìtàn ìdílé bá jẹ́ òótọ́, àwọn ọdún 1840 kan náà ni wọ́n ń ti èèyàn mọ́ yàrá tí wọ́n sì ń kọ́ ọmọdé ní A B D, nínú ìlú kan ṣoṣo, ní etí ọ̀sà kan ṣoṣo. 1852 ni àwọn ìjòyè Àgbádárìgì tó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé pé àwọn fi òwò ẹrú sílẹ̀. Fún ọdún mẹ́wàá, ohun rere àti ohun búburú jọ ń kíra wọn láàárọ̀ lójú pópó. Ẹni tó bá ti kọ́kọ́ wọ yàrá, tó ti rin iyanrìn, tó wá dúró lójú fèrèsé ilé míṣọ́nnárì tó ń wo ọ̀sà, á mọ ohun tí àwọn tó dúró níbẹ̀ ní 1845 ń rí.

Bí ará Scotland bá wà nínú wa, nídìí oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí ẹja tútù àti ẹ̀bà bá ti délẹ̀, ni mo máa ń sọ̀rọ̀ Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ wọn, fún un. Annan ní gúúsù Scotland ni wọ́n ti bí i. Etíkun yìí ló gúnlẹ̀ sí ní òpin 1825, ó rìn dé Ọ̀yọ́-Ilé, ó kú sí Sókótó ní 1827. Richard Lander tó jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló padà wá sí Àgbádárìgì. Àwọn Potogí tó ń ra ẹrú parọ́ mọ́ ọn pé amí ni, àwọn olórí ìlú sì fún un ní omi májèlé mu láti fi dán an wò. Ó mu ún, ó rìn jáde, ó sáré lọ bì í, ó yè. Ní 1830 ó tún padà wá pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ John, ìrìn yẹn ni wọ́n fi rí ibi tí odò Ọya ti wọ òkun. Adélé, ọba Èkó tí wọ́n lé kúrò lórí oyè, ló ń ṣe olórí ní Àgbádárìgì nígbà náà. Èkó ń sá wá sí Àgbádárìgì nígbà yẹn! Lónìí, ọmọ Èkó tó ti dé Dubai lẹ́ẹ̀mẹta kò mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nìyẹn. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń dábàá èbúté omi jíjìn fún etíkun Àgbádárìgì. Bó bá dé, iṣẹ́ á dé, mi ò sì ní lòdì sí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà iyanrìn Gbèrèfù kò ní odi tó yí i ká, bí Elmina ṣe ní. Yàrá ilé Sẹ́ríkì kì í ṣe òkúta tó lè dá dúró fún ẹgbẹ̀rún ọdún láìsí ẹni tó ń tún un ṣe. Irin Mobee ń dípẹtà. Àwọn àgbà tó gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó rí i kò pọ̀ mọ́. Ìdílé ló ń pa á mọ́, ìdílé sì nílò èèyàn tó ń wá.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Peckham, ẹ wá. Ẹ mú ọmọ yín dání. Ẹ mú ìwé àjákọ àti kálàmù, kí ẹ sì kọ orúkọ àgbà tó bá yín sọ̀rọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tó sọ. Bí ẹ bá ju mẹ́wàá lọ, ẹ pín ara yín sí méjì, kí apá kan wá lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ kí àwọn ará ilé kí ẹ tó yọ fóònù jáde. Bí amọ̀nà yín bá fẹ́ dá yín padà sí Èkó láti etí òkun, ẹ sọ fún un pé ẹ kò tíì rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti ohun ìrántí igi Àgíà. Ẹ má sì dúnàádúrà lórí owó ẹnu ọ̀nà tí ìdílé bá dá lé e, ẹ san án pé, torí owó yẹn ni wọ́n fi ń tọ́jú ohun tí ẹ wá wò.